Ìrù Ọmọńlé: Èyí Tó Hù Kì í Ṣe Èyí Tó Já

Àwọn àgbà ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ti ọmọńlé ju ti ẹsẹ̀ lọ. Ìrù wà lára oògùn tirẹ̀. Bí ológbò bá gbá a nírù mú, yóò já ìrù náà sílẹ̀ fún un, kó máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún nílẹ̀, òun á sì ti gba ẹ̀yìn àpótí lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrù mìíràn á ti máa yọ.

Ẹ má rò pé òní lọmọ aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí a bá gé ìrù aláǹgbá tàbí ti ejò, yóò hù padà. Ti aláǹgbá, ó tọ̀nà. Ti ejò, ó ṣì í.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn apẹja a máa sọ pé ẹsẹ̀ akàn àti ti edé ńlá tó bá kán máa ń hù padà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní àlọ́ lásán ni. Réaumur ló gé ẹsẹ̀ wọn, tó sì ń ṣọ́ wọn. Ní 1712 ó jẹ́rìí ní Paris pé òótọ́ làwọn apẹja ń sọ. Ní 1768, àlùfáà ará Itálì kan, Lazzaro Spallanzani, tẹ ìwé pélébé kan jáde: ó ti gé ìrù àti ẹsẹ̀ salamander, ẹranko olómi kan tó jọ aláǹgbá, gbogbo ẹ̀ sì hù padà tegungun-tegungun.

Níbí ni ti ọmọńlé ti yàtọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú egungun ìrù tí wọ́n bí mọ́ ọn. Bó bá fún iṣan rẹ̀, ojú ìlà yẹn ni yóò ti já, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í pọ̀. Awọ á bo egbò, ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ṣùgbọ́n egungun rírọ̀, irú èyí tó wà létí wa, ló nà gbọọrọ nínú rẹ̀ bí ọ̀pá oníhò. Kò sí ìlà kankan lára ìyẹn. Bí ọ̀tá bá tún dé, òkè, níbi tí ìrù àtijọ́ kù sí, ni yóò ti já. Ojú owó ló ń ná yẹn, kì í ṣe èrè.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, kéde pé jíìnì 326 ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìrù aláǹgbá kan tí wọ́n ń pè ní anole bá ń hù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà lára àwa náà.

Àwa ńkọ́ o? Ní 1974, Cynthia Illingworth, dókítà ní Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé bí orí ìka ọmọdé bá gé, tí wọn kò rán an, tí wọ́n kàn fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì dì í, ó lè hù padà tòun tèékánná. Bó bá ti gé kọjá oríkèé àkọ́kọ́, kò sí èyí mọ́. Nítorí náà, bí ìlẹ̀kùn bá ré ọmọ yín lórí ìka, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kẹ́ ẹ sì bi dókítà bóyá ó ṣeé fi sílẹ̀ kó hù fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́ àti òwú.