Láti Tú-Wíìlì Dé Fọ́ọ̀-Wíìlì: Ìtàn Tó Yẹ Ká Mọ̀ Kí Owó Wa Tó Jáde

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nípàdé wa. Bàbá wa kan tó ń dáko kòkó lọ́nà Iguobazuwa dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó láti fi sọ pikọ́ọ̀pù Hilux àwọn tó ti pẹ́ di fọ́ọ̀-wíìlì. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnì ń yí nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rì sínú ẹrẹ̀ lọ́dún tó kọjá láàárín oko sí títì. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú òjò ni kòkó sùn mọ́jú, ó sì bu. Mẹkáníìkì kan ti wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Àwọn kan nínú wa ní ká yá wọn. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni, pé bí ilé iṣẹ́ bá ṣe ṣe ọkọ̀ ló máa wà títí ayé. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Owó ẹgbẹ́ sì rèé, kì í ṣe owó ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tá a fi lọ wádìí ìtàn ọ̀rọ̀ náà dáadáa, tá a fi ń kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó. Gẹdú wà lára ohun tó gbé àwọn òyìnbó wọ igbó Bìní. Kí lọ́rì tó dé, ènìyàn ló ń wọ́ igi. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin á so okùn mọ́ ìtì igi kan, wọ́n á fi igi róbótó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fà á lọ sí etí odò. Nígbà tí odò bá kún, omi á gbé igi náà lọ. Odò Ọ̀sẹ̀, tí àwọn Ẹdó ń pè ní Ovia, ṣe iṣẹ́ yìí gan-an, igi sì ń bá omi lọ títí dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bí ẹrù ṣe máa jáde nínú igbó Bìní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

Nígbà tí lọ́rì wá dé, ìrọ̀rùn dé, ṣùgbọ́n ìyọnu tirẹ̀ náà bá a dé. Bẹ́dífọ́ọ̀dù tí wọ́n kan pákó sí lára, èyí tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀ náà lọ. Lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí, táyà iwájú kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan láti ṣe. Títì ni wọ́n ń tì í, ó kàn ń walẹ̀ lọ ni. Ti ẹ̀yìn á máa yí lójú kan náà, á máa ta ẹrẹ̀ sí aṣọ èrò. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ yẹn rí, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ bọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ìjà ló kàn, ọkọ̀ lẹ máa tì. Ọmọ ọkọ̀ á gbé igi wẹ́ẹ̀jì dání, á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ lórí òkè, kó lè jù ú sẹ́yìn táyà bí ọkọ̀ bá fẹ́ padà sẹ́yìn.

Ta ló wá kọ́kọ́ rò ó pé a lè mú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ká sọ táyà iwájú rẹ̀ di òṣìṣẹ́? Kì í ṣe mẹkáníìkì abẹ́ igi o. Ní 1931, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni Marmon-Herrington. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ilé iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gba lọ́rì Ford tó jẹ́ tú-wíìlì, wọ́n á tú abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi áàsùlù tó lè yí táyà sí iwájú, wọ́n á sì tà á gẹ́gẹ́ bíi fọ́ọ̀-wíìlì. Ford fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pikọ́ọ̀pù fọ́ọ̀-wíìlì ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ títí di 1959. Lẹ́yìn ogun Hítílà, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ NAPCO, ní Minneapolis, ń ta gbogbo ẹ̀yà tí ènìyàn nílò pọ̀ lójú kan láti fi yí pikọ́ọ̀pù Chevrolet àti GMC padà. Nígbà tó di 1956 àti 1957, GMC àti Chevrolet rí i pé ọjà ń bẹ níbẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn.

Ogun yẹn gan-an ló tan ìmọ̀ yìí ká ayé. Jeep dé ní 1941. Bedford tí a mọ̀ sí bọ́lẹ̀kájà ṣe lọ́rì ológun tó ń jẹ́ QL láti 1941 sí 1945, gbogbo táyà rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe sì lé ní 50,000. Ní 1948 ni Land Rover jáde, Láńróvà tí àwọn ìjòyè ìjọba àti òṣìṣẹ́ igbó fi ń wọ ibi tí mọ́tò mìíràn ò lè dé.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Peugeot 504. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kaduna, táyà ẹ̀yìn ni 504 sì fi ń rìn. Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Dangel ní agbègbè Alsace mú 504 yìí kan náà, ó gbé e ga, ó fi agbára sí iwájú rẹ̀, ó sì gbé e lọ síbi àfihàn ọkọ̀ ní Paris ní 1980. Peugeot fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó sọ nípàdé pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú, ó wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gbogbo àwọn ènìyàn yìí ṣe. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ká kàn so áàsùlù mọ́ iwájú. Àkọ́kọ́, ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní àpótí jíà kan tó ń pín agábra ọkọ̀ sí méjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tíráńsífà. Púrọ́pẹ́là kan á lọ sẹ́yìn, èkejì á lọ síwájú. Èkejì, áàsùlù iwájú gbọ́dọ̀ ní oríkèé tó jẹ́ kí táyà lè máa gba agbára kó sì tún lè yà sọ́tùn-ún sósì. Sípíríǹgì, sítíárìn, bíréèkì, àti ibi tí ẹ́ńjìnì jókòó sí, gbogbo rẹ̀ ló máa fọwọ́ kàn.

Ẹ̀kẹta ló máa ń pa owó jù: ìṣirò jíà ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí púrọ́pẹ́là ẹ̀yìn bá ní láti yí ní 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ti iwájú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 4.1. Bí ti iwájú bá jẹ́ 4.3, nígbà tí táyà iwájú bá fi yí ní ìgbà 100, ti ẹ̀yìn á fẹ́ yí ní nǹkan bí 105. Nínú ẹrẹ̀, táyà á máa yọ̀, ènìyàn lè má tètè mọ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti le, apá kan á máa fa èkejì títí nǹkan á fi fọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ tí kò gbọ́ra yé á ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ní ilẹ̀ wa níbí, nígbà tí SAP dé ní 1986 tí náírà já, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tòkunbọ̀ gba ìgboro. Ọjà Uwelu nínú ìlú Bìní yìí wá di ibi tí a ti ń rí ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù oríṣiríṣi. Ibẹ̀ la bá bàbá wa lọ. Gbogbo ẹ̀yà tí mẹkáníìkì kọ sínú ìwé la rí, àmọ́ wọn ò ti ara ọkọ̀ kan náà wá. A fi ẹfun sàmì sára púrọ́pẹ́là Hilux bàbá, a gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, a yí táyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, a kà á: ó lé díẹ̀ ní mẹ́rin, 4.1 ni. A bi ẹni tó ń ta áàsùlù iwájú léèrè. Olóòótọ́ ènìyàn ni, ó ní 4.3 ni tòun, pé ká má rà á.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé àwọn tó ṣe é yọrí kó gbogbo ẹ̀yà tó bára mu sójú kan kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Ìkejì, bí ilé iṣẹ́ bá ti ń ṣe èyí tó pé, ó sábà máa ń dín owó kù láti ra èyí tó pé. Láti 1979 sì ni Toyota fúnra rẹ̀ ti ń ṣe Hilux fọ́ọ̀-wíìlì.

Nítorí náà, ìpàdé fẹnu kò pé a ò ní yá bàbá lówó láti fi ra ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan. A ní kí àwọn àti àgbẹ̀ méjì tí oko wọn jọ pààlà para pọ̀, ẹgbẹ́ á yá wọn lówó láti ra fọ́ọ̀-wíìlì àlòkù kan tí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí bàbá sì ta ti wọn kún un. Ojú bàbá kò dùn. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tí mo fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé, ẹ̀ ń sọ pé kí n tà á?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì dá wa lóhùn, òjò sì ti ń rọ̀.

A ò ti ilẹ̀kùn pa o. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tí Hilux fọ́ọ̀-wíìlì tó bá ti bàbá mu wà, tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí abẹ́ rẹ̀ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí wa kíákíá. Ìyẹn nìkan ló lè mú ká tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wa lọ́rì gẹdú láyé ọjọ́un, ẹ bá wa sọ tiyín sábẹ́ ibí, bí a bá ṣì sọ, ẹ tún un ṣe fún wa. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.