Kànga Inú Yìnyín

Ní ọdún 1841, Louis Agassiz, onímọ̀ ará Swítsálándì, jókòó lórí pákó kan tí wọ́n so mọ́ okùn, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ sínú ihò kan lórí odò yìnyín Unteraar. Ọmọ agbẹ́kànga ni mí, nítorí náà ẹni tó wà lókè ni mo kọ́kọ́ wá nínú ìtàn náà. Escher von der Linth ni. Ó dojú bolẹ̀ létí ihò, ó tẹ́tí sísàlẹ̀ kó lè gbọ́ igbe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Omi ló gbẹ́ ihò náà. Nígbà ooru, ojú yìnyín a yọ́, omi rẹ̀ a sì máa ṣàn kiri títí yóò fi bá ibi tó là, a gba ibẹ̀ wọlé. Omi wúwo ju yìnyín lọ. Bó bá kún ojú ibi tó là náà, ó lè là á lọ jìnnà sísàlẹ̀. Ìwọ̀nba ooru tó bá omi wá, àtèyí tí ìṣàn rẹ̀ ń dá sílẹ̀, a máa yọ́ ògiri ihò náà títí ènìyàn á fi gbà níbẹ̀. Bí òtútù bá dé tí omi dá, ìwúwo yìnyín a tún fún àwọn ọ̀nà ìsàlẹ̀ pọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ darí omi náà gba ibòmíràn. Agassiz wọ awọ ewúrẹ́ àti fìlà nítorí omi tó ṣì ń kán. Ó fẹ́ mọ ibi tí àwọn ìlà aláwọ̀ aró inú yìnyín jìn dé. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80, ògiri yìnyín pín ihò sí méjì. Ó gba apá tó fẹ̀, ó rí i pé ó tún ya sí ọ̀nà tóóró-tóóró, ni wọ́n bá fà á sókè kó lè gba apá kejì. Àwọn ìlà yẹn ló ń wò lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi já sínú omi tó tutù nini. Ó kígbe. Wọ́n ṣì í gbọ́, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí i. Igbe kejì ló tó yé wọn, tí wọ́n fi fà á láti ẹsẹ̀ bàtà 125, láàárín yìnyín ṣóńṣó-ṣóńṣó tó rọ̀ dirodiro, tó jẹ́ pé bí okùn bá gé ọ̀kan já, ikú ni.

Mi ò dá Escher lẹ́bi rárá. Ohùn inú kànga kì í dé òkè bó ṣe jáde lẹ́nu. Bàbá mi kì í kígbe. Okùn ló máa ń fà: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ gbé mi.

Agassiz ò rí ibi tí omi gbà lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ní oṣù Keje ọdún 2006, ní Girínílándì, adágún odindi kan gba ojú ibi tó là wọ inú yìnyín tó nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà kan, kò sì tó wákàtí méjì tó fi ṣàn tán. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sẹ́bàá rẹ̀ fi hàn pé bí omi náà ṣe dé orí àpáta ìsàlẹ̀, ó gbé yìnyín náà sókè ju mítà kan lọ.