Oorun àti Ìran: Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ Láàárín Wa

“Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.” Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì ti fi ṣe ọ̀ṣọ́ nínú àròkọ rí láì ronú lé e lórí. Lọ́dún tó kọjá ló di ọ̀rọ̀ gidi lójú wa. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Ìkọ̀yà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ́kọ. Àwọn ará ilé ọkọ ṣe ìwádìí, wọ́n gbọ́ pé àbúrò bàbá wọn kan ti ṣàìsàn ọpọlọ rí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì parí síbẹ̀. Nígbà tí a béèrè bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìyá àgbà wọn rántí ni pé oorun ló kọ́kọ́ dá lójú rẹ̀.

Ohun méjì ló wà nínú ìtàn yìí: ìran àti oorun. A tọpa àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn.

Ní 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé wèrè Yábàá ní Èkó. Ibi ìhámọ́ ni ju ibi ìtọ́jú lọ. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gbé ètò mìíràn kalẹ̀ ní Aró. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí kan á bá aláìsàn gbé, á máa se oúnjẹ fún un, aláìsàn á sì máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Oníṣègùn ọpọlọ kan láti Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aró ní ìparí ọdún 1950 sí 1959. Ní 1960 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lo asofẹ́yẹjẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tí kò sùn, wọ́n á fún un mu kí ó lè sùn. Èròjà reserpine wà nínú igi náà. Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù yọ èròjà yìí jáde lára ìbátan igi ọ̀hún tó wà ní Íńdíà, ó sì di oògùn ilé ìwòsàn. Ẹ má fi dánra wò o: ó máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ sì léwu.

Lóde òní, ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ ti jẹ́ kí a rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá sùn. Tí oorun bá wọra, ọpọlọ máa ń ta ìgbì kéékèèké kan tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Ìrísí rẹ̀ lórí ìwé jọ ìrànwú, tinrin lórí, tinrin nídìí, ó sanra láàárín. Orúkọ ìrànwú náà ni àwọn onímọ̀ fún un. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, rí i pé ìgbì yìí dínkù lára àwọn tó ní schizophrenia. Àwọn ìwádìí mìíràn tún rí irú àdínkù bẹ́ẹ̀ lára àwọn ẹbí wọn kan tí ara wọn dá ṣáṣá.

Níbí ni oorun ti pàdé ìran. Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí wọ́n so mọ́ àrùn yìí, CACNA1I, ń ṣiṣẹ́ ní apá ọpọlọ tí ìgbì náà ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2022, tó ka aláìsàn tó lé ní 76,000, tọ́ka sí ibi 287 nínú àbùdá ènìyàn, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré jọjọ. Ọmọ Yúróòpù àti Éṣíà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kà. Nítorí náà, ìṣirò ewu tí wọ́n gbé ka orí wọn kò lè ka ẹ̀jẹ̀ tiwa dáadáa.

Àwa tí a mọ ìbejì dáadáa sì ní ẹ̀rí mìíràn. Àwọn ìbejì tó jọra bí ẹyin méjì ní jíìnì kan náà, síbẹ̀ ó wọ́pọ̀ kí àrùn yìí mú ọ̀kan, kí èkejì má sì ní in títí ayé. Bí ìbejì kò bá dájú, báwo ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ṣe máa dájú?

Ìbàdàn náà lọ́wọ́ sí ìtàn yìí. Ní ìparí ọdún 1960 sí 1969, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣèwádìí schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án, Ìbàdàn sì wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn aláìsàn Ìbàdàn gbádùn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti tọ́ka sí ẹbí tí kò kọ ènìyàn wọn sílẹ̀.

Àwa ò ní kí ìwádìí kí ó tó ìgbéyàwó parẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ìdílé tó tọ́jú aláìsàn rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá yẹ ní iyì. Tí oorun bá dá lójú ènìyàn yín fún ọjọ́ púpọ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń yí padà, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tiwọn, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.