Jíìnì Kan Tí Ó Di Igba

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àrùn jẹjẹrẹ rí. Kì í ṣe àlejò tí ó ti òde wọlé. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni gan-an ni ó kọ̀ tí kò gba àkóso mọ́.

Ní 1948, ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Sidney Farber kéde pé oògùn aminopterin mú kí ara yá díẹ̀ nínú àwọn ọmọdé tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni. Àrùn náà tún padà. Nígbà tí methotrexate, ìbátan oògùn yìí, dé, ìṣòro kan náà kò kúrò nílẹ̀: oògùn tí ó ṣiṣẹ́ lónìí lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́la. Kí ni ó fà á?

Jíìnì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì. Ẹ̀dà méjì ni ó sábà máa ń ní: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n ní 1968, Donald Brown àti Igor Dawid, pẹ̀lú Joseph Gall tí ó ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹyin àkèré a máa ṣe ẹ̀dà àwọn jíìnì kan ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,000. Iṣẹ́ pọ̀ níwájú ẹyin. Ó ní láti pèsè sílẹ̀. Èyí ní ètò, ó sì ní àkókò.

Ti jẹjẹrẹ kò ní ètò. Ní 1978, Frederick Alt, Robert Schimke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ eku tí methotrexate kò ràn mọ́ wò. Wọ́n rí i pé jíìnì ẹ́ńsáìmù tí oògùn náà ń dè mọ́lẹ̀ ti di nǹkan bí 200 ìlọ́po. Ẹ́ńsáìmù wá pọ̀ ju oògùn lọ: ọfà tán nínú apó, ẹran kò tán lóko. Oògùn kọ́ ni ó kọ́ sẹ́ẹ̀lì ní ọgbọ́n yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni ẹ̀dà jíìnì ṣèèṣì pọ̀ sí nínú; oògùn pa àwọn yòókù, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, bí a bá dá oògùn dúró, àwọn ẹ̀dà náà a máa dínkù díẹ̀díẹ̀.

Ní 1987, Dennis Slamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí jẹjẹrẹ ọyàn 189. Nínú nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, jíìnì HER2 ti di púpọ̀. Àrùn àwọn obìnrin wọ̀nyí ń yára padà, ẹ̀mí wọn kì í sì í gùn tó ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n àmì ewu náà ni ó di àmì ìtọ́sọ́nà. Ní 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trastuzumab, oògùn tí ń lẹ̀ mọ́ purotéènì HER2 lára sẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni oògùn yìí wà fún. Àyẹ̀wò ni yóò fi ẹni tí ó kàn hàn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ irú kòkòrò tí ó wà nínú obì kí a tó mú ọ̀bẹ.