Àṣà Ọdẹ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àṣà ọdẹ ni ìmọ̀ igbó, ètò ẹgbẹ́, ìbọ Ògún àti ewì ẹnu tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá jogún lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò ṣe rere bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìlú méjì. Èkíní ni Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin, tó jìnnà sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 50 ní apá àríwá. Èkejì ni Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ṣọ̀ún, tó tún tó nǹkan bíi kìlómítà 50 síwájú Ọ̀yọ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ọdẹ ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ti ń ṣàkóso ọgbà ẹranko ńlá tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ká. Ìran tí àlejò ń wá débí kì í ṣe ti ìbọn yíyìn. Ohùn àti ọgbọ́n àwọn tó mọ igbó ni olórí ogún tí àwọn ọdẹ fi sílẹ̀, òun náà ló sì yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ gbéra nílé.

Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó

Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọdẹ márùn-ún ni wọ́n ń dá gbé káàkiri inú ẹgàn náà, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnìkejì wà nítòsí. Aálè wà ní Òkè-Elérin, Ohùnsílé wà ní Ìjẹrù, Òrìṣàtólú wà ní Ìsàpá. Àkándìe ni ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún ni Ògúnlọlá, ọmọ Ìbàrìbá, tó pàgọ́ sí ìdí igi Àjàgbọn. Èéfín iná tó ń rú láàárín igbó ni Ògúnlọlá rí lọ́ọ̀ọ́kán, tó fi tọ àwọn yòókù lọ, tí wọ́n sì di ojúlùmọ̀ ara wọn.

Àwọn ọdẹ wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Alóńgo. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà wà fún: kí wọ́n lè jọ dojú kọ àwọn Súnmọ̀nì tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, kí wọ́n lè jọ máa dẹ igbó, kí wọ́n sì lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti igbó dé, ilé Ògúnlọlá ni wọ́n ń pé sí. Ìyàwó rẹ̀ a gbé ẹ̀wà kalẹ̀, a sì bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ó fi ọkà bàbà pọn fún wọn. Níbi àpéjọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú ti ń yanjú, kó tó di pé a rí ààfin tàbí ọba níbẹ̀.

Ọ̀ràn kan ló gbé Ògúnlọlá dé iwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ní àkókò náà, akọni ológun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ògúnlọlá tọrọ àyè láti lọ kò ó lójú, ó pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ tọ Aláàfin wá. Orí tó gbé yìí ni orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti jáde. Aláàfin dá a sílẹ̀, ó sì padà sí ìbùdó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí. Ìran rẹ̀ ló ń jẹ Ṣọ̀ún títí di òní. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn yìí sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921.

Láti ọwọ́ ọdẹ bọ́ sí ọwọ́ jagunjagun

Ẹni tó mọ bí a ti í lúgọ de ẹfọ̀n ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí ogun ń béèrè. Ìdí nìyí tí ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó fi bí àwọn olórí ogun. Tóyèjẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè olórí ogun, Òjó Abúrúmákú ọmọ rẹ̀ náà sì jẹ oyè ọ̀hún. Ní 1964, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nígbà tí ogun àwọn Fúlàní tú ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ògbómọ̀ṣọ́ dúró, ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé sì wá sá di í.

Ọ̀yọ́-Ilé ní tirẹ̀ di ahoro láàárín 1830 sí 1840. Aláàfin Àtìbà wá tẹ olú ìlú tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, ibi tí Ọ̀yọ́ wà lónìí. Igbó padà gba ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ ní àríwá, ẹranko pọ̀ sí i níbẹ̀, àwọn ọdẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ orí ahoro olú ìlú àtijọ́.

Ẹgbẹ́, oyè àti irinṣẹ́

Olúọ́dẹ ni olórí ọdẹ ìlú. Lábẹ́ rẹ̀ ni Aṣípa àti àwọn ìjòyè mìíràn wà. Ẹgbẹ́ ló ń parí ìjà láàárín ọdẹ, ẹgbẹ́ ló ń ṣèwádìí bí ọdẹ kan kò bá tètè ti igbó dé, ẹgbẹ́ náà ló ń sin ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ a máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àpò ni yóò kọ́kọ́ máa gbé, kí ó tó kan ìbọn. Yóò kọ́ ipasẹ̀ ẹran, ìgbẹ́ ẹran, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, igi tó lóró àti ewé tó ń wo ọgbẹ́.

Ṣakabùlà ni ìbọn tí a mọ̀ mọ́ ọdẹ Yorùbá, ìbọn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Kó tó dé, ọrun, ọfà àti ọ̀kọ̀ ni wọ́n ń lò. Àdá àti ọ̀bẹ kì í wọ́n lára ọdẹ, ajá sì ni alábàárìn rẹ̀. Ẹ̀wù gbérí ọdẹ, tí wọ́n so ońdè àti oògùn mọ́, ni àwọn àgbà ọdẹ ń wọ̀ lọ sí òde ẹgbẹ́. Àpò awọ wọn so mọ́ iṣẹ́ ọnà tí Ọ̀yọ́ lókìkí fún. Àlejò tó bá dé ìlú náà lè jókòó ti àwọn oníṣẹ́ awọ, kí ó wo bí wọ́n ti ń gé e, tí wọ́n ń rán an, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Oríṣiríṣi ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dẹ igbó. Ọdẹ ọ̀sán ń tọ ipasẹ̀. Ọdẹ òru ń fi iná sí iwájú orí, kí ojú ẹran lè dán padà sí i. Òmíràn a gun igi tó so èso tí ẹtu ń wá jẹ, a sì lúgọ síbẹ̀. Wọ́n ń dẹ pàkúté fún ọ̀yà àti òkété. Àwọn tó ń lọ dẹ̀gbẹ́ a ru oúnjẹ àti ìkòkò, wọn a pàgọ́ sí igbó tó jìnnà, wọn a sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ru ẹran yíyan wálé. Ìyà inú iṣẹ́ yìí ni òwe ń tọ́ka sí: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Síbẹ̀, pínpín ni ẹran ìgbẹ́ nílé ọdẹ. Aládùúgbò ń rí níbẹ̀, àna àti arúgbó náà sì ní ìpín tiwọn.

Ògún, ìjálá àti ìrèmọ̀jé

Irin ni ọdẹ fi ń jẹun, Ògún ló sì ni irin. Nígbà ọdún Ògún, wọ́n ń fi ajá, epo, iṣu sísun, obì àti ẹmu bọ ọ́. Ìlù àgẹ̀rẹ̀ ni ìlù àwọn ọdẹ, òde ọdún àti ìsìnkú àgbà ọdẹ ni a sì sábà máa ń gbọ́ ọ.

Ìjálá ni ewì Ògún. Àwọn oníjàálá ń ki ìlú, wọ́n ń ki ìdílé àti akọni, wọ́n sì ń ki ẹranko àti igi inú igbó. Nínú ìjálá ni ènìyàn ti ń gbọ́ bí ẹfọ̀n ti ń rìn, bí ẹtu ti ń wò, bí ọ̀bọ ti ń ṣe nígbà tó bá rí ènìyàn. Ọdẹ tó ń ki ẹran tí òun fúnra rẹ̀ ń pa ti wo ẹran náà pẹ́, ó sì ti bọ̀wọ̀ fún un. Ìjálá tún ní òfin tirẹ̀. Bí oníjàálá bá ṣi oríkì pè, àgbà tó jókòó lè dá a lẹ́kun lójú ẹsẹ̀, kí ó sì tún un ṣe níṣojú gbogbo àwùjọ. Ọ̀nà yìí ni ìtàn ìdílé fi wà láìbàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ìwé tó dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí ìjálá, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1966. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ Ògúndáre Fọ́nyánmu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń dá bí a bá ń sọ nípa ìjálá, nítorí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ gbé ohùn ọdẹ wọ ilé àwọn tí kò dé igbó rí.

Ìrèmọ̀jé ni ewì ìsìnkú ọdẹ. Wọ́n ń sun ún níbi ìṣípà, ètùtù tí ẹgbẹ́ fi ń dágbére fún ọmọ ẹgbẹ́ tó kú, tí wọ́n sì fi ń kó ohun ọdẹ rẹ̀ kúrò láàárín alààyè. Bádé Àjùwọ̀n tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1982. Bí wọ́n bá gba àlejò láyè níbi ìṣípà, kí ó mọ̀ pé ilé ọ̀fọ̀ ni òun wọ̀. Kì í ṣe òde ìran.

Ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé

Ní 1936, ìjọba ya igbó Ògùn Òkè sọ́tọ̀. Ní 1941, wọ́n ya igbó Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀. Ní 1952, méjèèjì di igbó ààbò ẹranko. Nígbà tó di 1991, ìjọba àpapọ̀ pa wọ́n pọ̀ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà nínú ìlú Ọ̀yọ́, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ yà.

Ọ̀dàn àti igbó etí odò ló wà nínú ọgbà náà, odò Ògùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹfọ̀n, ẹtu, ìmàdò àti oríṣiríṣi ọ̀bọ ń gbé ibẹ̀, ẹyẹ sì pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ àríwá rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, níbi tí àpáàdì àti ògiri ìlú àtijọ́ ti ń fi ibùjókòó àwọn Aláàfin hàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta, ló dára jù fún àbẹ̀wò. Koríko ti gbẹ, ẹran ń wá omi sí etí odò, ọ̀nà ọkọ̀ sì ṣeé gbà. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dẹ igbó níbẹ̀.

Àfiwé: ọdẹ elídì ilẹ̀ Mongolia

Ilẹ̀ mìíràn náà ní àṣà ọdẹ tí a lè fi wé tiwa. Àwọn Kazakh ní Bayan-Ölgii, ní ìwọ̀-oòrùn Mongolia, ń fi ẹyẹ idì dẹ igbó lórí ẹṣin. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo òkè Altai, ọdẹ a gbé idì lé apá tó fi awọ bò, a gun orí òkè, a sì jù ú sílẹ̀ bó bá rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí ehoro nísàlẹ̀. Abo idì ni wọ́n ń yàn, nítorí ó tóbi ju akọ lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n bá ti jọ ṣiṣẹ́, wọ́n ń dá a padà sí òkè kí ó lè pamọ.

Láti nǹkan bí ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún idì níbẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá, àlejò sì ń ti gbogbo ayé wá wò ó. Ní 2010, UNESCO kọ fífi ẹyẹ dẹ igbó mọ́ ogún àjogúnbá aráyé. Mongolia wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, Kazakhstan sì dara pọ̀ ní 2016.

Ọdẹ Yorùbá kì í fi ẹyẹ dẹ igbó. Ajá ni tiwa. Ṣùgbọ́n ọdẹ méjèèjì jọra ní ti pé ọ̀dọ̀ àgbà ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, tí a sì gbọ́dọ̀ mọ ìwà ẹranko kí a tó lè pa á. Ohun tí àwọn Kazakh ṣe tó yẹ kí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wò kọ́ṣe ni pé wọ́n dá ọjọ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn ọdẹ fúnra wọn ló sì di gbajúmọ̀ ọjọ́ náà.

Bí àlejò ṣe ń wọ ilé ọdẹ

Ẹni tó bá fẹ́ bá ọdẹ pàdé kò gbọdọ̀ yà sílé rẹ̀ ṣàdédé. Ọmọ ìlú kan ló yẹ kó mú un lọ sọ́dọ̀ Olúọ́dẹ, pẹ̀lú obì àti ọtí lọ́wọ́. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. “Àrìnpa o” ni a fi ń kí ọdẹ. Àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, àpò tàbí ojúbọ Ògún láìgbàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ya àwòrán kó tó béèrè. Bí oníjàálá bá kì í, kí ó fún un lówó níwájú àwùjọ, nítorí iṣẹ́ ni ó ṣe.

Òfin, ààbò àti ọjọ́ iwájú

Òfin Nàìjíríà béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní ìbọn. Láti 1985 ni òfin mìíràn ti ń dáàbò bo àwọn ẹranko tó ń tán lọ, akika sì wà lára wọn. Àlejò kò gbọdọ̀ ra awọ, ìpẹ́ tàbí eyín irú ẹranko bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ọjà náà pọ̀ tó lẹ́bàá títì.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí Alóńgo, ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ṣe láyé àtijọ́ kò tíì parí. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní Oṣù Kìíní 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló wọ ẹgbẹ́ náà, nítorí àwọn ló mọ ọ̀nà inú igbó. Ewu àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí ìrìn àdádó dára mọ́. Kí àlejò béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà àti àwọn ará ìlú kí ó tó gbéra, kí ó sì máa rìn lójú ọ̀sán.

Ẹran ń dín kù, igbó ń di oko, ọ̀dọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé bàbá lọ sí ìgbẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ti yí padà di ẹ̀ṣọ́ igbó àti afinimọ̀nà, ọ̀nà yìí sì ni ó yẹ kí ìjọba, ààfin méjèèjì àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ mú gbòòrò. Ẹfọ̀n gbọ́dọ̀ wà láàyè nínú ọgbà kí oríkì rẹ̀ tó lè ní ìtumọ̀ lẹ́nu ọmọ tó ń kọ́ ìjálá. Owó tí arìnrìn-àjò bá san fún afinimọ̀nà, fún oníjàálá àti fún oníṣẹ́ awọ wà lára ohun tí yóò jẹ́ kí ọdẹ rí ìdí tó fi yẹ kí òun dá ẹran sí, kí òun sì kọ́ ọmọ òun ní ohùn náà.