Ọgbẹ́ Tí Wọn Ò Fi Wá Ikú

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń rí ọ̀dọ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń tètè sọ ni pé ikú ló ń wá. Karl Menninger, dókítà ọpọlọ ní Kansas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sọ ọ́ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1938 pé ẹlòmíì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó má bàa pa ara rẹ̀ ni.

Èmi náà rí i lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá kan wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ó ká apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè, ó ní kí n bá òun bá a wí dáadáa. Mo bẹ ìyá náà kó jókòó síta díẹ̀. Ilẹ̀kùn ò tíì padé tán tọ́mọ fi bú sẹ́kún: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fẹ́ kú. Mo kàn fẹ́ kí ariwo inú mi dákẹ́ ni.” Ìdákẹ́ yẹn kì í pẹ́, ìtìjú ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyà ò wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn rí. Lọ́dún 1961, wọ́n gba Marsha Linehan, ọmọ ọdún 17, sí ilé ìwòsàn Institute of Living nílùú Hartford ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n fi iná mànàmáná tọ́jú rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ yàrá òun nìkan. Inú yàrá náà ló ti ń ṣe ara rẹ̀ léṣe lọ. Ọdún 1963 ló tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ yìí ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Washington. Ìtọ́jú tó gbé kalẹ̀, DBT, tí ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1993, máa ń kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni ìrora aláìsàn, kó tó kọ́ ọ ní bó ṣe máa fara dà á láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Lọ́dún 2011, Linehan padà sí ilé ìwòsàn Hartford yẹn, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ níwájú èrò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ṣíṣe ara ẹni léṣe láìwá ikú sínú DSM-5, ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣòro tó dá dúró, tó yẹ fún ìwádìí.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: ẹni tí ò fẹ́ kú lónìí lè wá máa ro ikú lọ́la. Ẹ má nà án, ẹ má dójú tì í níwájú ará ilé. Ẹ bi í ní jẹ́jẹ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin, kẹ́ ẹ sì jọ lọ rí dókítà ọpọlọ.