Àwòrán Ara Àwo Orin

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Àgbádárìgì lọ sí Èkó, ẹ ó gba Ọ̀jọ́ kọjá, níbi tí ọjà Alábà wà. Ọ̀pọ̀ nínú orin tí a gbọ́ ní etí òkun yìí nígbà kásẹ́ẹ̀tì àti nígbà síídì ni ó ti ọjà náà wá. Àwọn kan a máa kó orin olórin púpọ̀ sínú síídì kan ṣoṣo, wọn a sì lẹ àwòrán ẹnì kan mọ́ iwájú rẹ̀. Nígbà tí orin wọ̀nyẹn kúrò nínú síídì bọ́ sínú fóònù, àwòrán ẹyọ kan náà pàápàá já sọ́nà. Ẹ yẹ fóònù yín wò: “Track 07” ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ta ni ó kọrin? Ọdún wo ni? Bàbá tí ó mọ ohùn olórin náà lè sọ fún yín lónìí. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwo orin ti ní àwòrán. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fela, kọ orin 43 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Láyé ìgbà náà, àpò bébà lásán ni wọ́n sábà ń fi àwo sí, wọn a dá ihò sí i láàárín kí ojú lè rí orúkọ tí a tẹ̀ sára àwo. Alex Steinweiss, ayàwòrán ní ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán aláràbarà sára páálí àwo ní nǹkan bí 1940. Nígbà tí àwo ńlá dé ní 1948, páálí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, ayàwòrán sì rí ibi na ọwọ́ sí.

Ní ilẹ̀ wa, lójú tèmi, kò sí ẹni tí ó lo àyè yìí tó Lemi Ghariokwu. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó ya páálí Alagbon Close fún Fela ní 1974. Ẹ wo àwòrán náà: Fela ń jó, ẹ̀wọ̀n ti já, ilé rẹ̀ dúró digbí, àtìmọ́lé Alágbọn ti fọ́, ẹja àbùùbùtán sì ń da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Apẹja Àgbádárìgì tí kò mọ ìwé kà yóò wo ẹja náà, yóò sì ti mọ ẹni tí ó borí kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo. Bí ẹ bá yọ àwòrán yẹn kúrò, orin ṣì dùn, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ti lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì sọ àwòrán di pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Orin orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní MP3 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní ibi tí a lè kọ orúkọ olórin sí tẹ́lẹ̀. Ní 1996, Eric Kemp fi àmì kékeré kan tí ń jẹ́ ID3 sí ìdí fáìlì: lẹ́tà 30 fún àkọlé, 30 fún olórin, 30 fún orúkọ àwo, mẹ́rin fún ọdún. Irú rẹ̀ kejì dé ní 1998, èyí sì ní àyè fún àwòrán.

Àyè wà nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní páálí àwo nílé, pàápàá ti àwọn olórin Ègùn tí a gbé wá láti Àjàṣẹ́ àti Kútọnú, ẹ má jáfara. Afẹ́fẹ́ òkun àti ikán kì í dá páálí sí. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji lọ́sàn-án, ẹ dúró lé e lórí gán-án, kí ẹ ya á láìtan iná fóònù. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yìn ni orúkọ àwọn onílù sábà máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Mp3tag tàbí Picard, tí a kì í sanwó fún, ki àwòrán náà sínú fáìlì orin gan-an. Bí ó bá kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fi orin ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ni yóò kù sí. Bí àwòrán gidi kò bá sí, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ kọ orúkọ àti ọdún tí ó dá yín lójú.